Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kọ̀ǹpútà, Ọwọ́ Ta Ló Wà?

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ yín ń retí lójú ewé yìí, àwọn mìíràn yóò sì máa bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ wa ló ń lọ síbẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa wà nínú owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà. Ìdánwò tí yóò sọ bóyá ọmọ awakọ̀ lè di dókítà tàbí kí ó má dì í, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni JAMB kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì fún àwọn kan nínú àwọn tó jókòó fún un. Nígbà tó fi di ọdún 2015, wọ́n ti pa ti bébà tì pátápátá: ẹni tí kò bá lè jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò lè ṣe ìdánwò. Ọdún méjì péré ni. A kò sọ pé ìyípadà náà kò dára. Èrú tí wọ́n ń ṣe nígbà bébà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ olówó ti ń fi kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ ṣeré láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, nígbà tí ọmọ tiwa lè má fojú kàn án títí di ọjọ́ ìdánwò, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò wá máa gbọ̀n lórí ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní máòsì. Ọmọ méjèèjì jókòó sínú yàrá kan náà, aago kan náà ni wọ́n fi ń ká wọn mọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn. Ṣé a wá lè sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n?

Ohun kan wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ yìn. Àwọn tó ṣètò ìdánwò náà ṣe é lọ́nà tí ọmọ fi lè parí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́jọ péré láìfọwọ́ kan máòsì rárá: A, B, C àti D fún yíyan ìdáhùn, N fún lílọ síwájú, P fún pípadà sẹ́yìn, títí dé orí èyí tí a fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹnìkan jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ro ti ọmọ kan tí kò rí máòsì rí, ó sì yí ẹ̀rọ náà padà nítorí ọmọ yẹn. Kò ná owó rẹpẹtẹ, kò gbé orin sí i. Ní ọdún 2017 àjọ náà tún dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola jẹ́ alága rẹ̀, láti máa ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú ní ibùdó tiwọn, kí wọ́n má baà máa fi ojú tí kò ríran wá ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ni à ń wá ní ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Nítorí pé kì í ṣe Mínísítà ló ń pinnu bóyá ọmọ rẹ yóò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe Gómìnà. Ẹni tó ń pinnu rẹ̀ ni ọ̀gá tí wọ́n fi ṣe alábòójútó kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Òun ló ń sọ kíláàsì tí yóò kọ́kọ́ wọlé, ọmọ tí yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ àti èyí tí yóò na ọrùn láti ẹ̀yìn, èdè tí ẹ̀rọ yóò máa sọ, àti ohun tí a ó ṣe fún ọmọ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn. Agbára ńlá nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ní in.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pọ̀ níbẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Yàrá kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kun ún ní ọ̀dà, wọ́n fi aṣọ bo àwọn ẹ̀rọ náà bí ẹni bo òkú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Bí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á nu eruku, àwọn ọmọ tó mọ́ tónítóní á jókòó fún fọ́tò. Bí àlejò bá lọ tán, ó tún di títì. Inú bí àwọn kan nínú wa, wọ́n ní ahun ni tíṣà náà. A ní kí wọ́n rọra. Nígbà tí a bi í léèrè, ohun tó sọ ni pé bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, owó oṣù òun ni wọ́n yóò ti yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní fákítìrì rí, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín? Ẹ mọ sítọ́kípà tí wọ́n ní òun ni yóò san owó irinṣẹ́ tó bá sọnù. Yóò kó sípánà tuntun pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ó sì máa fi èyí tó ti jẹ tán tú nọ́ọ̀tì títí yóò fi yọ̀, tí yóò fi ha wá lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó burú. Ìyà tí wọ́n fi halẹ̀ mọ́ ọn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni tíṣà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè ètò kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí wọ́n ká ìjìyà yẹn kúrò lórí tíṣà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ ni kí wọ́n ti ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn àgbà ọmọ mélòó kan, obìnrin kí ó wà nínú wọn, bí a ti ń tú ẹ̀rọ, tí a ń nu inú rẹ̀, tí a sì ń tò ó padà. Kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sàn fún wa ju èyí tó gbó sábẹ́ aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí pé gbogbo wa la jọ ń jìyà rẹ̀. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan ti fo láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ karí jẹnẹrétọ̀ ti ti ilẹ̀kùn yàrá náà fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ogójì ẹ̀rọ fún ilé-ẹ̀kọ́, kí ó ra ogún, kí ó fi owó ìyókù ra iná tí ń lo oòrùn. Ogún tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ogójì tó kú lọ. Ìṣirò tí akọ̀wé gárééjì lè ṣe nìyẹn.

Ní báyìí kí á wá sí ọ̀rọ̀ ìpín dọ́gbadọ́gba, nítorí ó ń ru àwọn kan lójú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òun fẹ́ ṣe déédéé, tó wá ra bàtà iṣẹ́ nọ́ńbà mẹ́sàn-án fún gbogbo wa, ṣé déédéé nìyẹn? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré yóò ṣubú, ẹni tí tirẹ̀ tóbi yóò wọ sálúbàtà wá síbi iṣẹ́. Déédéé ni kí olúkúlùkù rí bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Bí ó ti rí ní yàrá kọ̀ǹpútà nìyẹn. Bí a bá fún gbogbo ọmọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, èyí tó ní kọ̀ǹpútà nílé kò padánù ohunkóhun, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé. Òun ló yẹ kí a ṣí ilẹ̀kùn fún lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí. Kí alábòójútó kọ orúkọ sílẹ̀: ta ló ní ẹ̀rọ nílé, ta ni kò ní? Ìwé kan àti bírò kan ti tó fún un.

Bí wọ́n bá sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kí ó kọ́kọ́ jókòó, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa, àwọn ọmọkùnrin ni yóò máa jókòó. Wọ́n á sáré, wọ́n á tì, wọ́n á gbá. Àwọn ọmọbìnrin wa ṣì wà nídìí omi àti ìgbálẹ̀ tí wọ́n rán wọn, nígbà tí wọ́n bá fi dé, ààyè ti tán. Àwa bàbá náà ń ṣe é nílé: ọmọbìnrin ń fọ abọ́, ọmọkùnrin mú fóònù dání. Alábòójútó tó bá gbọ́n yóò pín ìjókòó pẹ̀lú orúkọ, kò ní fi í sílẹ̀ fún eré sísá.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́, ẹ mọ igbe tí a ń ké ní gárééjì: “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Ẹni tí kò bá ní ṣéńjì, bó tilẹ̀ lówó lọ́wọ́, yóò dúró sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń ké irú igbe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọmọ wa báyìí: wọlé pẹ̀lú fóònù rẹ, wọlé pẹ̀lú dátà rẹ. Tíṣà á fi iṣẹ́ àṣetiléwá sórí WhatsApp ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó di dandan kí wọ́n fi ránṣẹ́ padà ní alẹ́. Ṣùgbọ́n nílé púpọ̀ nínú wa, fóònù ńlá kan ṣoṣo ló wà, bàbá ló sì mú un lọ sẹ́nu iṣẹ́. Fóònù wà nínú dánfó ní Ọ̀ṣòdì, iṣẹ́ àṣetiléwá wà nínú fóònù, ọmọ mẹ́ta sì jókòó nílé tí wọ́n ń retí bàbá. Bí bàbá bá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, bátìrì ti kú. Láàárọ̀, wọ́n á ní ọlẹ ni ọmọ náà.

Dátà pàápàá kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi kún owó ìpè àti dátà títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ariwo tí NLC pa nígbà náà, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Owó tí à ń jà lé lórí yẹn, owó iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ wọlé yóò kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nílé wọn kí ó tó yan ọ̀nà tí yóò gbà fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ó bá fi í sórí fóònù, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì pẹ̀lú, kí ọmọ lè dà á kọ.

A kò lè gbàgbé ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ olówó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tó gba ọmọ tiwa là díẹ̀ ni rédíò. Ìjọba Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ọmọ tó ní rédíò alábátìrì lè gbọ́ ìṣirò. Àwọn kan fi rédíò ṣẹ̀sín pé ohun àtijọ́ ni. Ó dé ibi tí kọ̀ǹpútà wọn kò dé. Bákan náà ni Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde ní ọdún 2013 nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ní àwọn yóò fún 150,000 akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Ẹnu kò kò lórí owó rẹ̀, àwa kò sì ní dá sí òṣèlú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu: inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò sí tẹ́lẹ̀, ọmọ kò ní láti ra dátà kí ó tó kàwé. Ẹni tó rò ó báyẹn mọ ilé tálákà.

Ní ti àwọn aláàbọ̀ ara, òfin ti wà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya abirùn sọ́tọ̀, tó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní ọdún 2024. Ẹ lọ wo yàrá kọ̀ǹpútà tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ bi wọ́n bí ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ ṣe máa dé ibẹ̀. Kí wọ́n gbé yàrá náà sọ̀kalẹ̀. Kò gbà ju ọjọ́ Sátidé kan lọ, àwa tí a ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ lè bá wọn gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ti afọ́jú wọ́nwó. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní NVDA, tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè sétí ẹni. Àwọn ọkùnrin afọ́jú méjì ní Ọsirélíà, Michael Curran àti James Teh, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006, nítorí pé irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà wọ́n jù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ayé. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ó sì wá gbohùngbohùn etí kan sí i.

Èdè ló kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dùn wá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ìjọba tó tẹ̀lé e fagi lé e. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ sí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ọmọ tó gbọ́n, tó lè tú rédíò palẹ̀ kí ó sì tò ó padà, á jókòó bí òmùgọ̀ nítorí pé kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń bi í. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ẹ̀rọ kò lè kọ ọ́ tààrà. Ṣọlá di Sola, Ọ̀ṣọ́ di Oso, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn lè dà. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà láìsan kọ́bọ̀. Tíṣà lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí ó tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kankan kò lè dí i lọ́wọ́ láti là á yé ọmọ.

Àwọn kan yóò ní kí á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Àbájáde ìdánwò JAMB jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ kùnà, wọ́n ní wọn kò kàwé ni. Àwọn òbí àti àwọn ọmọ kò gbà, wọ́n pariwo títí wọ́n fi tú ẹ̀rọ wò. Wọ́n rí i pé wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sí ẹ̀rọ tó ń gba ìdáhùn àwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ìhà ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn olùdánwò 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 206,610 nínú wọn wà lábẹ́ ẹkùn Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèédé, tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà, jáde síta, ó tọrọ àforíjì pẹ̀lú omijé, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. A kí i fún àforíjì náà; ọ̀gá mélòó ní ilé-iṣẹ́ wa ló ti tọrọ àforíjì rí? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó pariwo ńkọ́? Àti pé nínú ìdánwò ọdún yẹn kan náà, wọ́n ní kí àwọn kan dé ibùdó ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀. Awakọ̀ ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọbìnrin tó ń gbé ní ẹ̀yìn odi ìlú, tí yóò dúró lójú títì nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ẹni tó ṣètò aago náà, ó dájú pé mọ́tò wà ní ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì ẹ̀rọ lé yín kúrò nínú ìpàdé. Sáà tuntun ń bọ̀, ìgbìmọ̀ òbí àti tíṣà yóò pàdé. Ẹ béèrè wákàtí tí yàrá kọ̀ǹpútà fi wà ní ṣíṣí lọ́sẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé orúkọ àwọn tó wọlé hàn yín, kí ẹ ka iye obìnrin tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, bí wọ́n bá sì dárúkọ tíṣà, ẹ dìde dúró, kí ẹ ní àwa kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá wà ní ṣífìtì ọ̀sán lọ́jọ́ ìpàdé náà, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kí ọjọ́ Jímọ̀ tó tán, kí á lè bá fóómáànù sọ̀rọ̀ nípa pàṣípààrọ̀. Ti àwọn awakọ̀, alága gárééjì ti gbà pé ẹni tó bá ń lọ sí ìpàdé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní pàdánù tọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.